Ta Ló Ń Dúró Ti Kùkùté?
Àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ igi ìdáná láti inú igbó tí wọ́n ń tọ́jú

Nínú gbogbo igi tí ọmọ aráyé ń gé nínú igbó lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdajì ni kì í di pákó, kì í di àga, kì í di ìwé. Iná ló ń jó o. Àjọ FAO, ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ń ṣe ìṣirò náà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń din gàrí wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, ilé búrẹ́dì tó ń dáná mọ́jú, alágbẹ̀dẹ, alásè ìnáwó, àti àwọn ìyá tí wọn kò ní ohun mìíràn tí wọ́n lè fi se ọbẹ̀ alẹ́. Ní òkè òkun ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ amúnáwá Drax wà lẹ́bàá ìlú Selby ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń jó ju mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù igi lọ lọ́dún kan láti fi pèsè iná mànàmáná.

Ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta igi yìí, ì báà jẹ́ ní Selby, ì báà jẹ́ ní Ṣakí: igi ń hù padà, inú igbó tí wọ́n ń tọ́jú ló sì ti wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ìjọba ti tìtorí rẹ̀ náwó, ilé iṣẹ́ ti fi gba ìwé ẹ̀rí. Mo ti ka ohun tí àwọn onígbó sọ lórí rẹ̀, àti ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti ti àwọn tó ń bá oníṣòwò jà. Ibi tí mo fi èrò tèmi tì sí ni pé ènìyàn kò tíì mọ nǹkan kan nípa igbó tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú títí yóò fi mọ ẹni tó ń dúró ti kùkùté lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kó igi lọ, àti ohun tí ẹni náà yóò rí jẹ níbẹ̀.

Igi fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó lè jẹ́ pé omi ni ìdajì ohun tí ẹ gbé lérí. Iná gbọ́dọ̀ lé omi náà tán kí ooru tó kan ìkòkò, ìdí nìyẹn tí igi tútù fi ń rú èéfín. Kílò kan igi gbígbẹ, tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ń mú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti kílò kan igi tútù wá. Ẹni tó bá la igi rẹ̀, tó tò ó sábẹ́ òrùlé kí òjò tó dé, ti dín igi tí yóò gé kù gidigidi láìgbin hóró kan. Ààrò náà tún ń ba tirẹ̀ jẹ́. Bí a bá pín ooru tí igi mú wá lórí ààrò onísẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọ̀kan tàbí ọ̀kan ààbọ̀ péré ló ń wọ inú ìkòkò, ìyókù ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn tó ń jiyàn lórí igbó kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu ba igi gbígbẹ àti ààrò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni èrè tó yá jù wà.

Èédú tún gba àlàyé tirẹ̀. Àwọn tó ń sun ún á gé igi sí gígùn kan náà, wọn á tò ó jọ sórí ilẹ̀ títẹ́, èyí tó nípọn sí àárín, èyí tó tín-ín-rín sẹ́bàá. Wọn á fi ewé tútù àti koríko bò ó, wọn á wá da yẹ̀pẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, àfi ihò mélòó kan tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọlé, kí wọ́n tó ti iná bọ ọ̀kan nínú ihò náà. Èéfín ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ń ki, ó máa ń funfun, torí omi ló ń jáde. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan, èéfín náà á fẹ́lẹ́, á sì máa pa àwọ̀ búlúù. Asunèédú mọ̀ pé àkókò tó láti dí ihò pa. Kò gbọdọ̀ sun oorun àsùnwọra lásìkò yìí, nítorí bí yẹ̀pẹ̀ bá ya níbì kan lóru, eérú ló máa bá láàárọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yìí, kílò 6 sí 8 igi ló ń bá kílò 1 èédú lọ, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kílò èédú kan máa ń gbóná tó ìlọ́po méjì kílò igi gbígbẹ, nítorí náà bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ju ìdajì ooru igi náà lọ ló ti bá èéfín lọ sínú igbó kí àpò tó wọ ọkọ̀. Wọ́n ní ọ̀nà kan ní Casamance ní Senegal tí wọ́n fi páìpù ìgbéèéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè èédú, tí wọ́n sì fi ìyẹn gba èédú tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin igi náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra páìpù fún ibi tí òun kò ní padà sí?

Ará ìlú kò sì jẹ̀bi pé ó fẹ́ èédú. Ó fúyẹ́, kì í rú èéfín púpọ̀, kì í bàjẹ́, ẹni tó ń gbé yàrá kan lè gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìlú bá ṣe ń tóbi tó ni èédú ń gba ipò igi, tí igbó ọ̀nà jíjìn sì ń san owó rẹ̀.

Ìlànà pé kí a má gé ju èyí tó ń hù lọ, ọ̀rọ̀ iná ló bí i. Lọ́dún 1713, Hans Carl von Carlowitz, ọ̀gá tó ń bójú tó ìwakùsà ní Freiberg, ní Saxony ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí igbó. Kì í ṣe pé ẹwà igi ń dá a lọ́rùn. Fàdákà ló ń wà, iná èédú ni wọ́n fi ń yọ́ òkúta fàdákà, igi sì ti ń tán lágbègbè rẹ̀. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa gbìn, kí wọ́n sì máa gé níwọ̀n èyí tó ń hù. Ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú igbó tó tẹ̀ lé e káàkiri Yúróòpù, àti àwọn òyìnbó tó wá pín igbó ọba nílẹ̀ wa, orí ìlànà yẹn ni wọ́n dúró lé.

Ọ̀nà kan tún wà tó ti pẹ́ ju ìwé Carlowitz lọ. Wọ́n á gé igi nítòsí ilẹ̀, wọ́n á fi kùkùté àti gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀. Gbòǹgbò tó ń bọ́ odidi igi tẹ́lẹ̀ á wá máa bọ́ àwọn ọ̀mùnú tó rú jáde lára kùkùté, nítorí náà wọ́n á yára dàgbà ju èyí tí a gbìn láti ara hóró lọ. Tíìkì ń ṣe bẹ́ẹ̀, agúnmániyè ń ṣe bẹ́ẹ̀, dóńgóyárò àti yúkálípítọ́ọ̀sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bákan náà ni kasíà tí ìjọba amúnisìn gbìn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún igi ìdáná. Ẹni tó bá pín igbó rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ń gé ọ̀nà kan lọ́dún, yóò padà dé èyí àkọ́kọ́ nígbà tí ó bá ti tó gé. Lórí ìwé, kò sí ohun tó rọrùn tó o.

Lórí ilẹ̀, ewúrẹ́ wà, màlúù wà, iná ìgbẹ́ sì wà. Ohun tí iná lè ṣe, ìdánwò kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929 ní igbó ọba Olókeméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ti fi hàn wá. Ilẹ̀ mẹ́ta tó fara kan ara wọn ni wọ́n lò. Wọ́n ń jó àkọ́kọ́ ní ìparí ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ kanrangandan. Wọ́n ń jó èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn onígbó padà wọn àwọn igi náà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ilẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko àti àwọn igi líle díẹ̀. Èkejì ní igi jù ú lọ. Ẹ̀kẹta ti ń di igbó. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló rọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan wà tó ń lé iná sẹ́yìn lọ́dọọdún. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi kò tíì rí ẹ̀rí tó ṣe kedere tó o, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í kọ́ ọmọ iléèwé wa nípa rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970 ni jìnnìjìnnì igi ìdáná mú gbogbo ayé. Erik Eckholm, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kékeré kan lọ́dún 1975 tó pe ọ̀wọ́n igi ìdáná ní ìṣòro agbára kejì, lẹ́yìn ti epo rọ̀bì tó gbówó lórí nígbà náà. Àwọn kan gbé ìṣirò jáde: iye ènìyàn báyìí, igi tí wọ́n ń sun báyìí, igi tó ń hù báyìí, nítorí náà igbó yóò tán lọ́dún báyìí. Báńkì Àgbáyé àti àwọn mìíràn bá tú owó jáde fún gbígbin igi ìdáná. Púpọ̀ nínú oko igi wọ̀nyẹn kò yọrí sí rere. Igi tí wọ́n gbìn wọ́n ju igi tí ènìyàn lè ṣẹ́ lóko lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi igi tó lè tà fún òpó ilé dáná ẹ̀bà. Gerald Leach àti Robin Mearns wá ṣàlàyé nínú ìwé kan lọ́dún 1988 pé ìṣirò náà gbàgbé oko. Igi tí àgbẹ̀ ń rí nígbà tó bá ń ṣán ilẹ̀, ẹ̀ka gbígbẹ, igi tó hù padà sórí ilẹ̀ tó sinmi, èyí ni ọ̀pọ̀ ará abúlé fi ń dáná. Lọ́dún 2015, ìwádìí tí Rob Bailis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi iye sí i: nínú igi ìdáná tí gbogbo ayé gé lọ́dún 2009, èyí tó ju agbára igbó láti hù padà lọ kò ju ìdá 27 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú, nítorí kò tẹ́ sílẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Ó kójọ síbi mélòó kan, pàápàá lẹ́yìn àwọn ìlú ńlá tó ń jó èédú.

Orílẹ̀-èdè Niger ló gbìyànjú ohun tí mo kà sí èyí tó bọ́gbọ́n mu jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Títí di ìparí àwọn ọdún 1980, ọlọ́kọ̀ láti Niamey lè wọ ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni, kó gé igi, kó san owó díẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ igbó, kó sì máa lọ. Abúlé ń wò ó níran. Lọ́dún 1992, òfin kan yí i padà. Abúlé tó bá gbà láti ní ọjà igi tirẹ̀ yóò ní ààlà igbó tirẹ̀, iye tó lè gé lọ́dún, àti ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o. Ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ wá ra igi lọ́jà yẹn, yóò san owó orí níbẹ̀, apá tó jọjú nínú owó náà yóò sì kù sí abúlé. Tíkẹ́ẹ̀tì ló máa fi hàn lẹ́nu ibodè ìlú. Ibi tí ọgbọ́n inú rẹ̀ wà ni pé owó orí igi tí ẹnì kan lọ gé níbikíbi tó wù ú ga ju ti igi tó ti ọjà abúlé wá lọ. Wọn kò fòfin de igi. Wọ́n kàn mú kí èyí tó ní olùtọ́jú dín owó ju èyí tí kò ní lọ.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n àyè kan. Àwọn abúlé kan fi owó náà gbẹ́ kànga, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àjèjì agégi kúrò nínú ìgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó àwọn olùrànlọ́wọ́ gbẹ, àyẹ̀wò lẹ́nu ibodè Niamey rọ̀, igi tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì sì ń wọlé bí ó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀. Àwọn darandaran náà ní ẹ̀sùn tiwọn: ẹgbẹ́ agégi ni wọ́n fi igbó lé lọ́wọ́, wọ́n gbàgbé ẹni tó ń da ẹran gba ibẹ̀ kọjá.

Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní igbó Nazinon, ní gúúsù Ouagadougou, lọ́dún 1986 pẹ̀lú ìrànwọ́ FAO. Ẹgbẹ́ ará abúlé ló ń gé, wọn kì í gé ju nǹkan bí ìdajì igi tó wà nínú ilẹ̀ tó kàn lọ́dún náà, wọ́n á sì fi ilẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ fún ọdún 15 sí 20. Nínú owó tí wọ́n bá ta igi kan, nǹkan bí ìdajì jẹ́ ti ẹni tó gé e, wọ́n á pín ìyókù sáàárín àpò ìtọ́jú igbó, ìjọba àti ẹgbẹ́. Ní Senegal, ìwádìí tí Jesse Ribot ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lágbègbè Tambacounda fi òdì kejì hàn. Òfin fún ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní àṣẹ lórí igbó, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ta èédú ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Dakar. Wọ́n gba igi lọ́wọ́ abúlé, wọ́n fi kùkùté sílẹ̀ fún un.

Ní Benin, wọ́n gbin akéṣíà fún igi ìdáná ní gúúsù, irú èyí tó wà ní Pahou lẹ́bàá Ouidah. Igi náà ń yára dàgbà lórí ilẹ̀ tó ti sá, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rú láti ara kùkùté, wọ́n ní láti tún un gbìn. Lókè lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ní igbó Toui-Kilibo, ẹ̀ṣọ́ igbó àti ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í jọ jókòó ṣètò ìlò igbó ní àwọn ọdún 1990.

Ilé wa ńkọ́? Igbó ọba kò wọ́n wa. Ìjọba amúnisìn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló jogún wọn. Láti ọdún 1927, tí J. D. Kennedy bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Sapoba lápá Ẹ̀dó, ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àgbẹ̀ gbin oúnjẹ sáàárín igi kéékèèké tí ìjọba gbìn: àgbẹ̀ á jẹ iṣu rẹ̀, ìjọba á ní igi rẹ̀. Fún ọdún méjì mẹ́ta tí iṣu fi wà níbẹ̀, àgbẹ̀ náà ni olùṣọ́ igi. Bí igi bá ti wá ṣíji bo ilẹ̀, tí iṣu kò ta mọ́, kò sí ohun tí àgbẹ̀ tún ń wá lọ sí ibẹ̀, nítorí igi kì í ṣe tirẹ̀. Mo rò pé ibi tí ètò náà ti já nìyẹn. Ní igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n gbin mẹlínà lọ salalu fún ilé iṣẹ́ ìwé Iwopin. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣe ìwé bí wọ́n ti pinnu, àwọn oníṣọ́míìlì ló wá ń jàǹfààní igi náà.

Òkè Ògùn sì ni èédú ìlú ńlá wa ti ń wá, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, dé Ìgbòho àti Kìṣí. Àyìn ni asunèédú fẹ́ràn, nítorí ó le, èédú rẹ̀ kì í tètè jó tán. Nígbà tí àyìn bá jìnnà, ọwọ́ á kan ẹmi. Ẹmi tó hù fúnra rẹ̀ lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì gé e ti gé òrí tí àwọn obìnrin ìlú náà ìbá máa tà fún ìran méjì. Ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ ìgégi ló gba owó èédú, obìnrin tó ń ṣa ẹmi kò gba kọ́bọ̀. Irú ìjà báyìí ń lọ nínú ilé kan náà, èmi kò sì tíì rí òfin igbó kan tó mẹ́nu bà á.

Bẹ́ẹ̀, ní Òkóbàbá, ní Ẹ̀bùtè Mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó lẹ́búlẹ́bú igi jọ bí òkìtì sétí ọ̀sà tí wọ́n sì ń fi iná sí i lásán. Ẹni tó bá gba afárá Third Mainland kọjá nígbà náà mọ èéfín yẹn dáadáa. Nínú igi tó wọ ṣọ́míìlì, apá púpọ̀ kì í di pákó: èèpo, etí pákó, lẹ́búlẹ́bú. Àwọn ìyá wa ní Ìbàdàn mọ ohun tí wọ́n ń fi lẹ́búlẹ́bú ṣe nígbà kan. Wọ́n á gbé ìgò òfìfo nàró sáàárín agolo tó ní ihò nísàlẹ̀, wọ́n á ki lẹ́búlẹ́bú yí i ká, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó le, wọ́n á wá fa ìgò yọ. Iná tí wọ́n bá ti bọ ihò ìsàlẹ̀ á máa jó díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. À ń sun ohun tó yẹ ká fi dáná, à ń gé ohun tó yẹ ká fi sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi jiyàn pé igi ìdáná kò sí, ọ̀rọ̀ Òkóbàbá ni màá kọ́kọ́ rán an létí.

Ìlú Växjö ní Sweden ti ṣe èyí dé góńgó. Lọ́dún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun èèpo, ẹ̀ka àti ìyókù ṣọ́míìlì nínú ilé iná ìlú, wọ́n sì ń fi páìpù gbé omi gbígbóná láti ibẹ̀ wọ ilé onílé. Ìlú tútù ni, wọ́n nílò ooru gan-an. Iná mànàmáná tí wọ́n rí níbẹ̀, èrè orí èrè ni. Tí a bá lo ooru igi tààrà báyìí, díẹ̀ ló ń ṣòfò. Tí a bá fi ṣe iná mànàmáná nìkan, ohun tó ń dé ilé oníbàárà kì í tó ìdá méjì nínú márùn-ún.

Ìyẹn ló mú wa dé Drax. Èédú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà fún ní àwọn ọdún 1970. Láti 2013 sí 2018, wọ́n yí mẹ́rin nínú ẹ̀rọ mẹ́fà rẹ̀ padà sí igi. Igi náà kì í ṣe igi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, láti Mississippi àti Louisiana, òmíràn láti Canada. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fún un pọ̀ di hóró kéékèèké, ọkọ̀ òkun á gbé e kọjá Àtìláńtíìkì. Owó ìrànwọ́ tí àwọn tó ń san owó iná ní Britain ti san sí i ju bílíọ̀nù 6 pọ́n-ùn lọ. Ní Gloster, ìlú kékeré kan ní Mississippi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe hóró igi náà san ìtanràn mílíọ̀nù 2.5 dọ́là nítorí ohun tó ń tú sínú afẹ́fẹ́. Lọ́dún 2024, Ofgem tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Britain rí i pé àkọsílẹ̀ tí Drax fi sílẹ̀ nípa irú igi tó ń lò kò pé tó, Drax sì gbà láti san mílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu wọn náà, nítorí àwíjàre wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Wọ́n ní igi tó tẹ́ẹ́rẹ́, igi tó wọ́ àti ìyókù ṣọ́míìlì ni àwọn ń rà. Wọ́n ní ilẹ̀ igbó ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti aládàáni ló pọ̀ jù, bí onílẹ̀ kò bá sì rí oníbàárà fún igi rẹ̀, ó lè hú u kó fi ilẹ̀ kọ́lé. Wọ́n tún ní igi tó dúró lórí ilẹ̀ àgbègbè náà lónìí pọ̀ ju ti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn lọ. Òótọ́ ni èyí ìkẹyìn.

Ibi tí ìṣirò ti wọ́ ni ti káábọ́ọ̀nù. Ìlànà àgbáyé sọ pé káábọ́ọ̀nù igi, orílẹ̀-èdè tó gé e ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, lábẹ́ ìṣirò igbó. Orílẹ̀-èdè tó sun ún yóò kọ òdo. Ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n òdo tó wà nínú ìwé Britain ló wá di ẹ̀rí pé igi kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́, tí wọ́n fi ń gba owó ìrànwọ́. Lọ́dún 2009, Timothy Searchinger àti àwọn mìíràn kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Science pé àṣìṣe ńlá ni. Lẹ́nu páìpù ìgbéèéfín gan-an, iná mànàmáná tí a fi igi ṣe ń tú káábọ́ọ̀nù jáde ju èyí tí a fi èédú ilẹ̀ ṣe lọ.

Ẹ̀yáwó ni ká pè é. Lọ́jọ́ tí igi jóná, gbèsè ti délẹ̀; igi tuntun tó ń hù ló ń san án díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni ọdún mélòó. Ilé ìwádìí Manomet ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́dún 2010. Bí igi bá rọ́pò epo nínú ẹ̀rọ amúlégbóná, nǹkan bí ọdún 5 ni gbèsè yóò fi tán. Bó bá rọ́pò èédú ilẹ̀ nínú iná mànàmáná, ó ju 20 ọdún lọ. Bó bá rọ́pò gáàsì nínú iná mànàmáná, ó ju 90 ọdún lọ. Lọ́dún 2012, Massachusetts yí òfin rẹ̀ padà, ilé iṣẹ́ tó bá ń fi igi ṣe iná mànàmáná láìlo ooru rẹ̀ dáadáa kò rí owó ìrànwọ́ gbà mọ́. Ìjọba Britain lọ́ra jù wọ́n lọ. Oṣù Kejì ọdún 2025 ló tó kéde pé Drax yóò máa gba ìrànwọ́ láti 2027 sí 2031, ṣùgbọ́n owó náà yóò dín, wákàtí tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ yóò sì dín. Enviva, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó tóbi jù nínú òwò hóró igi, ti wọ gbèsè dé kóòtù lọ́dún 2024.

Brazil jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí. Edmundo Navarro de Andrade bẹ̀rẹ̀ sí í gbin yúkálípítọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ São Paulo lọ́dún 1904 fún ọkọ̀ ojú irin tó ń fi igi rìn. Lónìí, irin ni wọ́n ń fi èédú yúkálípítọ́ọ̀sì yọ́ ní Minas Gerais, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ń sun èédú tó Brazil. Oko ni ká pe ibẹ̀, kì í ṣe igbó. Ẹyẹ díẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń ráhùn pé ó ń mu omi wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń gé, ó ń rú, wọ́n tún ń gé, nítorí ẹni tó ni iná ló ni ilẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ìjọba kúkú fòfin de èédú. Chad ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009. Wọ́n dá èédú dúró lẹ́nu ibodè N'Djamena láìpèsè ohun mìíràn tó tó, owó rẹ̀ fò lọ sókè, àwọn obìnrin sì tú sí ìgboro.

Èéfín ńkọ́? Gbogbo àlàyé nípa kùkùté kò ní kí igi máà pa ẹni tó ń fẹ́ iná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lọ́dún 2020, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó wà nínú wọn ju 237,000 lọ. Gáàsì sàn jù fún ẹ̀dọ̀fóró, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti 2020 sí 2024, owó tí a fi ń rọ gáàsì sínú sìlíńdà kílò 12.5 ní Nàìjíríà ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ọ̀pọ̀ tó ti kúrò nídìí èédú sì ti padà síbẹ̀. Igi yóò ṣì wà lórí iná wa fún ọdún púpọ̀ sí i.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n dán wò kò tóbi. Ọkọ̀ èédú tó gbéra ní Ṣakí, tó gba Ìsẹ́yìn wọ Ìbàdàn, ń san owó oríṣiríṣi lójú ọ̀nà. Abúlé tí wọ́n ti gé àyìn kì í rí nínú rẹ̀. Kí wọ́n mú ọ̀nà kan yìí ṣoṣo. Kí abúlé mẹ́wàá gba ààlà igbó àti iye àpò tí wọ́n lè tà lọ́dún, kí ẹmi àti igi ìrú wà lára èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì kù sí abúlé, kí àpò tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì sì san ìlọ́po méjì kó tó wọ Ìbàdàn. Àyẹ̀wò ibodè ló já Niger kulẹ̀, nítorí náà owó iṣẹ́ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.